Kámẹ́rà Ẹnu Géètì Wa ní Ìgbógbó: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ láti Oṣù Èrèlè dé Òkúdu

Oṣù Èrèlè

Ní àdúgbò wa ní Ìgbógbó, lójú ọ̀nà tó lọ sí Báyékù, ọ̀pọ̀ ilé ni ọgbà wọn kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ, nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn tó kù ń gbé ọkọ̀ wọn sí. Láti ìgbà tí a ti ṣọdún tuntun ni àwọn abanǹkanjẹ́ kò ti jẹ́ ká sinmi. Wọ́n ń fi ìṣó họ ọkọ̀ lára, wọ́n ń ṣẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹnìkan láìmú ohunkóhun nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wáyà àti rédíò títúnṣe ni mo fi ń najú, mo sì ti pinnu láti so kámẹ́rà méjì mọ́ ògiri wa. Àwòrán tí ọlọ́pàá lè fi ṣiṣẹ́, tí adájọ́ sì lè gbà wọlé, ni mo ń wá, láìsọ ilé aládùúgbò kankan di ibi tí mò ń yọjú wò.

Kí n tó ra wáyà ni mo ti ka òfin. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ti ilé rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 kò di gbogbo ẹrù tí ó gbé lé àwọn iléeṣẹ́ lórí ru ẹni tó ń lo ìsọfúnni fún ìlò ara rẹ̀ tàbí ti ìdílé rẹ̀ nìkan, àmọ́ ó fi ààlà sí i pé irú ìlò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Títì kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni, nítorí náà mo gbà pé ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ mọ sí ibi tí ọkọ̀ dúró sí, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Oṣù Ẹrẹ́nà

Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ kámẹ́rà ń tẹ̀ lé ni pé píksẹ́lì 250, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ní láti bọ́ sórí mítà kan kí a tó lè dá ojú ẹni tí a kò mọ̀ rí mọ̀ nínú àwòrán. Àwòrán kámẹ́rà tí mo rà ní píksẹ́lì 2560 láti òsì dé ọ̀tún, èyí túmọ̀ sí pé ibi tó ń wò kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 10 lọ níbi tí ọkọ̀ wà. Lẹ́ńsì mìlímítà 2.8 tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń wo nǹkan bíi mítà 12 bí ọkọ̀ bá jìnnà sí ògiri ní mítà 5. Ó ń ya títì dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn inú rẹ̀ kò ní tó ohun tí a lè tọ́ka sí. Lẹ́ńsì mìlímítà 4 ni mo mú, tí ó ń wo bíi mítà 8 sí 9 ní ibi kan náà. Mo kàn án mọ́ ògiri ní gíga mítà 2.5, nítorí pé kámẹ́rà tí a bá gbé sí abẹ́ òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fìlà ni yóò máa yà.

Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ jáde, mo rí i pé fèrèsé ilé òdìkejì wà ní igun ọ̀tún. Mo lọ pe Alhaja tó ni ilé náà kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i.

“Bàbá Tóyìn, fèrèsé yàrá mi rèé!”

“Ohun tí mo ṣe pè yín nìyẹn, mà. Ẹ dúró kí ẹ rí bí mo ṣe máa dí i.”

Mo fa àpótí dúdú bo fèrèsé náà nínú ètò rẹ̀kọ́dà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, débi pé ẹ̀rọ kò tilẹ̀ ní gba àwòrán ibẹ̀ sílẹ̀ rárá. Alhaja fi ọmọ-ọmọ wọn ti ẹ̀rọ, wọ́n padà sílé, wọ́n ká kọ́tìnnì sókè, wọ́n ń juwọ́. Ọmọ náà kígbe pé òun kò rí ìyá àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pa ẹ̀rọ tó ń gbóhùn sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò kàn mí.

Oṣù Igbe

Iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, bẹ́ẹ̀ òru tí iná bá lọ gan-an ni iṣẹ́ ibi máa ń wáyé. Kámẹ́rà méjì àti rẹ̀kọ́dà ń jẹ bíi wáàtì 22. Bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ ámpù-wákàtí 100, tí mi ò jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju ìdajì lọ, ń gbé wọn fún wákàtí 27, páànẹ́lì sólà kan sì ń dá a padà lójúmọmọ.

Iná ìnfàrẹ́ẹ̀dì tó ń bá kámẹ́rà ríran lóru ni mo bá wàhálà jù. Aláǹtakùn ta okùn sí iwájú lẹ́ńsì. Bí atẹ́gùn bá ti mì ín, okùn a tàn yòò, ẹ̀rọ a sì máa pariwo pé ènìyàn ń kọjá. Mo pa iná ara kámẹ́rà, mo sì gbé fìtílà ìnfàrẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ sí ibi tó jìnnà díẹ̀ sí i, kí ìmọ́lẹ̀ má baà bọ́ sórí okùn mọ́. Ti nánómítà 850, irú ìmọ́lẹ̀ tó máa ń pọ́n díẹ̀ lójú, ni mo lò. Ti 940 kò ní pupa kankan tí ojú lè rí, àmọ́ kò ríran jìnnà tó o, èmi kò sì fi kámẹ́rà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Aago rẹ̀kọ́dà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, béèrè pé kí ó hàn pé ẹ̀rọ tó gba àwòrán sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ déédéé ní àkókò náà, kí ẹni tó ń bójú tó o sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé bí àwòrán ṣe jáde. Bí aago bá fi wákàtí kan yàtọ̀, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ti rí ibi dì mú. Mo so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó máa tún ara rẹ̀ ṣe, mo sì ń kọ gbogbo ìgbà tí iná bá já tàbí tí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ sínú ìwé yìí. Ìdí gan-an tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Oṣù Èbìbí

Mo lẹ ìkìlọ̀ mọ́ géètì: “Kámẹ́rà ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí yìí.” Ilẹ̀ Ìkòròdú ni a wà, àsìkò Orò sì dé, àwọn àgbà ní kí n má ya ìta ní wákàtí tí Orò bá wà níta, nítorí obìnrin wà nílé mi tí ó lè ṣèèṣì rí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, mo pa á ní wákàtí wọ̀nyẹn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìnwá ọ̀la pé mo yọ nǹkan kúrò.

Oṣù Òkúdu

A rí wọn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, aago méjì òru kọjá díẹ̀. Àwọn méjì ni. Ọ̀kan ń wo ẹ̀yìn, èkejì yọ ìṣó nínú àpò, ó fi kan ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ aládùúgbò wa, ó sì ń rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi dé búùtù, omi òjò ń ṣàn sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń fà á. Níbi tó ti yípadà, ojú rẹ̀ kọjú sí lẹ́ńsì pátápátá. Kò jọ ẹni tó ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo dà fáìlì náà sórí fláàṣì méjì, mo sì kọ àmì SHA-256 rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tí yóò yàtọ̀ bí ẹnìkan bá yí ohun tó kéré jù lọ padà nínú fídíò. Èyí kò ṣeé fi falẹ̀, nítorí àwòrán kámẹ́rà méjèèjì ń gba bíi gígábáìtì 86 lójúmọ́, díìsìkì tẹ́rábáìtì kan sì ń pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́ lẹ́yìn bí ọjọ́ 11.

Àwọn ará àdúgbò ní kí n gbé ojú ọmọ náà sórí WhatsApp. Mo kọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007, kò sì yẹ kí a polongo ẹni tí ó jẹ́. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí ariwo “olè!” ń fà lójú títì: àgbà tàbí ọmọdé, ẹni tí wọ́n bá mú kì í délé ẹjọ́. Bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a rí wọn ni, nọ́ńbà pàjáwìrì 112 tàbí 767 ni à bá pè.

Ẹni tó ni ọkọ̀ ló kọ ẹ̀sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí òun ni wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Ó mú ìwé iye tí ẹni tó ń kun ọkọ̀ máa gbà dání. Èmi kọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ nìkan, mo sì fi fláàṣì kan sílẹ̀. Agbẹjọ́rò àdúgbò ń bá mi tún ìwé ẹ̀rí abala 84 kọ báyìí, ìwádìí sì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tó kàn ni láti pààrọ̀ lẹ́ńsì kámẹ́rà kejì sí mìlímítà 6, kí n sì fi rọ́bà dí ẹnu wáyà rẹ̀, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà.