Gáréèjì Wa ní Ọba-Ilé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ eku ló gbé wa wọ gáréèjì lónìí. Màámi rí ìgbẹ́ eku lẹ́bàá àpò gààrí nínú ilé ìdáná láàárọ̀ àná, ilẹ̀kùn tó já sí gáréèjì kò sì jìnnà síbẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé eku ni bàbá yín kọ́lé fún ni?" A da gààrí náà nù. Ó dùn wá, gààrí ò pọ́ọ̀kú mọ́, ṣùgbọ́n a dà á nù.

Ẹni tó ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ìgbẹ́ eku. Lọ́dún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa tó wà ní Borno lónìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń rí i jù ní Nàìjíríà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí irú èyí ló sì máa ń gbóná jù. Kì í ṣe ìtàn tí a gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀wọ̀ níbí ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú àwọn tó kó o. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé àrùn náà bá èèyàn: ó lè bá oúnjẹ wọlé, ó lè bá abọ́ wọlé, a sì lè fà á símú pẹ̀lú eruku.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gbá a kíá, kóòrùn tó mú."

"Rárá o. Fi omi rin ín ná."

A ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, a bo imú, a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo sì po bílíìṣì mọ́ omi, mo wọ́n ọn sí gbogbo ibi tí ìgbẹ́ eku wà. Ìgbà tó rin dáadáa la tó fi àkísà nù ún. Ó gba sùúrù. Inú mi sì dùn pé a ní sùúrù yẹn.

Páálí ló pọ̀ jù nínú ẹrù tí a kó jáde. Páálí fíríìjì, páálí tẹlifíṣọ̀n, páálí fáànù tó ti bàjẹ́ tipẹ́. Inú wọn ni àwọn eku ti fa bébà ya, tí wọ́n fi ṣe ìtẹ́. Mo pinnu pé páálí kankan kò ní dúró ní gáréèjì yìí mọ́. Ohun tí a bá fẹ́ fi pamọ́, inú ike onídèérí ni yóò wọ̀, orí pákó ni ike náà yóò sì wà, kì í ṣe ilẹ̀. Irin àlòkù ti bá àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù lọ. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ínfátà, mo gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí atẹ́gùn bẹntiróòlù máa ń rọ̀ sílẹ̀ ni, ìtapàrà kékeré sì tó láti dá iná sílẹ̀.

Igun òsì ló gba ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹrù oko bàbá mi wà, láti ìgbà tí wọ́n ń dá oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Gò-tú-hẹ́ẹ̀lì wọn wà níbẹ̀, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń já kòkó orí igi. Pọ́ńpù ìfínkòkó tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí agolo Gammalin 20 tó ti dípẹtà, tí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọkàn mi já. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ìgbà yẹn gbẹ́kẹ̀ lé oògùn náà láti pa kòkòrò tó ń fa omi ara èso kòkó mu. Lindane ló wà nínú rẹ̀, májèlé tí kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀. Lọ́dún 2009 ni wọ́n fi kún àwọn tí àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí irú májèlé bẹ́ẹ̀, ní kí ayé jáwọ́ nínú lílò wọn fún ọ̀gbìn. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń dà á sódò láti fi pa ẹja, wọn a sì gbé ẹja náà lọ sọ́jà. Nítorí náà, kò ṣeé dà sí gọ́tà, kò ṣeé sun, kò sì ṣeé jù sórí ààtàn níbi tí ọmọ ọlọ́mọ yóò ti fi agolo rẹ̀ bu omi. Mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e sínú báàkẹ́ẹ̀tì onídèérí, mo tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé. Pọ́ńpù náà bá a lọ síbẹ̀.

Àbúrò mi fẹ́ kó gò-tú-hẹ́ẹ̀lì mọ́ irin àlòkù. Màámi dá a lẹ́kun: "Irin yẹn ló rán ẹ níléèwé." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo fi epo pa irin náà, mo gbé e kọ́ ara ògiri, lókè, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, láti kan pákó. Títí dìgbà yẹn, mo fi sìmẹ́ńtì dí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Tó bá di ọjọ́ Ajé, n ó lọ sí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, láti bèèrè ibi tí wọ́n ń gba irú májèlé yìí sí.