Omi Ni Ọ̀tá Oúnjẹ

Àkúrẹ́, Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Èrèlé

Tòmátì ti já wálẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá. Àwọn tó ń bomi rin oko wọn l'Ókè Ọya ń kórè lọ́wọ́ báyìí, ọkọ̀ ń já a kalẹ̀ lóru, ẹni tó bá sì tètè dé ọjà láàárọ̀ á rí apẹ̀rẹ̀ tó dára rà ní owó tí kò dun ni jù. Àǹfààní yìí kì í pẹ́. Bí òjò bá balẹ̀ tán, pàápàá láti oṣù Èbìbí lọ sí Agẹmọ, apẹ̀rẹ̀ kan náà á di ohun tí à ń dúró wò lókèèrè. Ẹni tó bá rántí ọdún 2016 kò ní sọ pé mò ń ṣe àṣejù. Ọdún yẹn ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta run oko tòmátì ní Kàdúná àti agbègbè rẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, tí àwọn èèyàn sì sọ kòkòrò náà ní Ebola tòmátì. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé padà sí tòmátì alágolo tí wọ́n ti ń bú tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo òní fi lọ sórí ata. Ọkọ mi yọjú sí ilé ìdáná, ó rí ìkòkò ńlá lórí iná, ó rí àpò ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Ìyáa wọn, ṣé ogun ń bọ̀ ni?" Mo ní, "Dádì, òjò ló ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin kì í bá wa jókòó ti ata, àfi ìgbà tó bá ti di ọbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ro ata náà ni mo ń rò ó pé gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú oúnjẹ, ibì kan náà ló forí lé: wọ́n ń lé omi jáde. Gaàrí, wọ́n di òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, wọ́n tún yan ìyókù gbẹ nínú agbada. Ẹ̀lùbọ́, oòrùn ló fa omi rẹ̀. Ẹja, iná àti èéfín. Àgbàdo, wọ́n á so ó rọ̀ sókè ààrò, kí èéfín máa fín in, kí kòkòrò má lè bá a ṣeré. Irú, wọ́n á po iyọ̀ mọ́ ọn, iyọ̀ á sì fa omi inú rẹ̀ mọ́ra. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kàwé nípa kòkòrò àìfojúrí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ohun tó bá lómi lára ni í tètè bàjẹ́.

Fíríísà kò lé omi kankan jáde. Ó kàn ń fi òtútù mú omi náà sùn ni. Ọjọ́ tí iná bá lọ, omi á jí. Ní àdúgbò tiwa níbí, iná lè lọ ní Furaidé kí ó má dé títí di Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Èmi ò bá fíríísà jà, mo ní ọ̀kan, ó sì ń ṣe mí láǹfààní. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá kó gbogbo oúnjẹ ilé rẹ̀ sínú fíríísà l'Ákùúrẹ́, ọwọ́ àwọn tó ń mú iná wá ló fi oúnjẹ rẹ̀ sí. Fíríísà tó kún dẹ́múdẹ́mú, tí a kò ṣí, lè di òtútù rẹ̀ mú tó wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ó bá jẹ́ ìlàjì ló kún dé, bíi wákàtí 24 ni. Nítorí náà, ibi tó bá ṣófo nínú tèmi, píọ̀ wọ́tà ni mo fi ń dí i. Yóò di yìnyín, á máa bá ẹran mú òtútù mọ́ra, bí iná bá sì dé, omi tútù wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ pé ìyà wà fún ẹni tó bá lọ ń ṣí fíríísà wò nígbà tí iná kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ata, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Màláàmù tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ ta ẹ̀sà fún mi. "Màdáàmù, ẹ̀sà ló pọn jù, ẹ gbé e, màá dín owó." Òótọ́ ni pé ẹ̀sà dára fún ọbẹ̀ òní. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ tọ́jú ni mò ń wá, tòmátì tó bá sì ti rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mú èyí tó le, tó pupa dénú. Mo ra tàtàṣé, ṣọ̀mbọ̀, rodo díẹ̀ nítorí àbíkẹ́yìn mi tí kò lè jẹ ata, àti àlùbọ́sà. Mo ṣa gbogbo rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀, mo gé ibi tó bá bàjẹ́ kúrò láìṣojo, mo ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní ẹ̀rọ.

Ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu ni mo lò, mi ò sì dé e. Ìdérí ló ń dá omi padà sínú ata. Àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ fi asẹ́ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé e kaná, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é, ẹ má da omi náà nù o, ẹ fi se ẹ̀wà tàbí ìrẹsì, adùn wà nínú rẹ̀. Èédú ni mo fi dáná lẹ́yìnkùlé, torí bí a bá fi gáàsì se ata títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, èrè tí a jẹ lọ́jà ti bá gáàsì lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tó ń ta sí ni lọ́wọ́, mo dín iná kù, mi ò sì kúrò nídìí rẹ̀ mọ́, torí ata tó bá jóná nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ìkòkò kan.

Mo pín in sí méjì. Èyí tí mo kàn sè lásán ni mo dì sínú ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí ó lè tètè dì nínú fíríísà. Èyí tó kù ni mo da òróró àti àlùbọ́sà sí, mo dín in títí òróró fi léfòó. Ìyẹn ni a ó kọ́kọ́ jẹ. Inú fíríìjì ló ń gbé, bí iná bá sì pẹ́ kó tó dé, mo máa ń gbé e kaná títí yóò fi hó.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn lé. Wọ́n á dín ata, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á da òróró bò ó lórí, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé. Òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn botulism, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, tí omi wà, tí kò sì kan púpọ̀, ni ó ti ń pèsè oró rẹ̀. Oró náà lè má yí òórùn padà, ó lè má yí àwọ̀ padà, ó sì lè pààyàn. Omi híhó lásán, tó jẹ́ 100°C, kì í pa èso tí kòkòrò náà fi ń tún ara rẹ̀ hù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń di oúnjẹ sínú ìgò nílé l'Ámẹ́ríkà fi ń lo ìkòkò pàtàkì tí ooru rẹ̀ ń dé 116°C. Mi ò ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ata tó bá lómi lára nílé mi, fíríísà tàbí iná. Ata tó bá fẹ́ gbé orí pẹpẹ, ó gbọ́dọ̀ gbẹ tó fi máa ń dún nígbà tí a bá mì í. Mo sá rodo àti ṣọ̀mbọ̀ díẹ̀ sórí tapólì. Ọyẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì mú dáadáa.

Ẹ̀wà wá ńkọ́? Oṣù Ọ̀wàrà sí Ọ̀pẹ ni wọ́n ń kórè rẹ̀ l'Ókè Ọya, nítorí náà, ó ṣì ṣeé rà báyìí, kó tó di àárín ọdún tí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí. Ìṣòro ẹ̀wà kì í ṣe omi nìkan, kòkòrò ni. Èèyàn á ra ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní, lẹ́yìn oṣù méjì á bá ìyẹ̀fun àti ihò nínú rẹ̀, á ní ilé òun ni kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Láti oko ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Kòkòrò náà ti yé ẹyin sí ara èèpo ẹ̀wà kó tó dé ọjà, ọmọ rẹ̀ ló gbẹ́ inú wọlé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju kòkòrò lọ ni oògùn tí àwọn kan ń fọ́n sí i. Sniper kì í ṣe oògùn oúnjẹ. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, 100ml, ní ọjà gbogbo. Ẹ̀wà tí mo bá gbọ́ òórùn kẹ́míkà lára rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó, mi ò rà á. Ẹ̀wà tí kòkòrò rin díẹ̀ tù mí lára ju ìyẹn lọ. Ó kéré tán, ohun ẹlẹ́mìí kan ti jẹ nínú rẹ̀ kó tó kàn mí.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kò lóògùn nínú. Mo máa ń sá ẹ̀wà náà, màá jẹ́ kó tutù, màá wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa títí dé ọrùn, láìfi àyè sílẹ̀, màá fi ọ̀rá wé ẹnu rẹ̀ kí n tó dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá níbẹ̀ tán, á sì kú. Bákan náà ni àpò tí wọ́n ń pè ní PICS ṣe ń ṣiṣẹ́, tó ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò kan lóde. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue l'Ámẹ́ríkà ló ṣe é nígbà tí wọ́n ń bá àwọn àgbẹ̀ ní Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà. Àṣírí rẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ máa ṣí i lójoojúmọ́. Èyí tí à ń jẹ lọ́wọ́, inú ike mìíràn ló ń wà.

Ní ọ̀sán, Màmá Ìdànrè, ìyá ọkọ mi, pè mí. Mo kí wọn, wọ́n ní àwọn ti sá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, ó ti gbẹ, kí ọmọ wọn wá gbé e. Wọ́n máa ń bó dúdú rẹ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àpáta tó ti gbóná á sì yan án láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń yan án láti òkè. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá, ṣé ẹ ti lọ̀ ọ́?" Wọ́n ní, "Kí ló dé tí màá fi lọ̀ ọ́? Ìwọ̀n tí o bá fẹ́ jẹ ni kí o máa lọ̀." Mi ò lè jiyàn. Èyí tí kò tíì di ìyẹ̀fun kì í tètè fa omi afẹ́fẹ́ mọ́ra. Àwa ará ìhín, iyán ni tiwa, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ká yó àmàlà bíi tàwọn Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún ìgbà tí iṣu bá wọ́n.

Iṣu tó wà nílẹ̀ ti gbó dáadáa, ìyẹn ló ń gún. Orí pákó ló wà, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì, mo sì ń ya èyí tó bá hù kúrò lára rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe gbé odidi iṣu sínú fíríìjì o, òtútù máa ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹja gbígbẹ tí a rà lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ, inú páálí tí a fi bébà tẹ́ ló wà, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kó làágùn. Èédú tí mo fi se ata ni mo fi tún un yan lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí iná ti rọ̀. Ìrẹsì àti gaàrí, kí wọ́n sá ti gbẹ, kí eku má sì rí wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Epo pupa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró dè. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pọ̀ láti Òkìtìpupa, mi ò sì ní ra kẹ́ẹ̀gì kan báyìí kí n wá máa kábàámọ̀.

Ẹnì kan á ní owó dà? Òótọ́ ni. Owó oṣù ò gbé e. Èésú tí èmi àti àwọn ìyá àdúgbò ń dá ló ń gbé e, a sì máa ń pín àpò kan láàárín ara wa. Ìyá Ìbejì tó wà lókè ilé wa ti ránṣẹ́ pé àpò ẹ̀wà tí a fẹ́ pín á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí kálukú wá kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ń rùn kẹrosíìnì, ẹ̀wà kankan ò ní wọ inú rẹ̀. Mo ti ní kí àkọ́bí mi lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ní Mọ́ńdè, torí wọ́n máa ń ta kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n ti lò tán lọ́pọ̀. Kó gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó sanwó.