Kí rọ́bà etí jókòó ná

Ìlọrin, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọyẹ́ mú láàárọ̀, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kùn.

Íápíìsì méjì ló wà lórí tábìlì lónìí: Moondrop Chu II àti Shure SE215. Èkíní, nǹkan bíi dọ́là 19 ni wọ́n ń tà á lọ́jà àgbáyé. Èkejì, dọ́là 99 ni wọ́n fi gbé e jáde. Ìkankan nínú wọn ò ní ẹ̀rọ ohùn ju ẹyọ kan lọ nínú: awọ tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́ìlì wáyà tó lẹ̀ mọ́ ọn, àti òòfà tó ń tì í síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ìlù á rí i pé ìbátan ìlù ni ẹ̀rọ yìí. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ bi ni pé èwo ló dùn jù. Ìbéèrè yẹn yá jù. Lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹnìkan bá ní èyí dára ju tọ̀hún lọ, rọ́bà rírọ̀ ẹnu wọn, èyí tó ń wọ ihò etí, ló fi wéra, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀kan ló pariwo ju èkejì. Íápíìsì fúnra rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí rọ́bà. S (kékeré), M (àárín) àti L (ńlá) ló máa ń wà nínú páálí, ọ̀pọ̀ sì ń lo M nítorí pé òun ló wà lórí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Etí méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Kò sí òfin tó ní kí rọ́bà wọn dọ́gba. Láti ki íápíìsì bọ etí ọ̀tún, gbé ọwọ́ òsì gba ẹ̀yìn orí kọjá, fa etí ọ̀tún sókè àti sẹ́yìn díẹ̀, la ẹnu, ti íápíìsì wọlé pẹ̀lú yíyí díẹ̀, kí o sì jẹ́ kí etí padà sípò. Wá kùn "ùnnn". Bí rọ́bà bá ti dí ihò etí dáadáa, ohùn rẹ á dún bíi ti ẹni tó gbé orí sínú ìkòkò. Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan, béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, sì ń bá a jò lọ.

Ìdánwò tó dájú ju ìyẹn lọ ni ohùn béèsì 40 Hz tàbí 50 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kó máa dún nìṣó. Gbọ́ apá kan, gbọ́ apá kejì. Lẹ́yìn náà, máa jẹ ẹnu bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀ bí àgbọ̀n ṣe ń ṣí, rọ́bà kéré. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà rèé: wọ́n gbà pé rọ́bà ńlá ló ń tún béèsì ṣe nígbà gbogbo. Rọ́bà tó tóbi jù kì í wọlé tán, ńṣe ló máa ń ká létí. Yọ ọ́ jáde wẹ́rẹ́, kí o wò ó lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù: bí ìlà kan bá wà tó là á láti etí rẹ̀ wá sí àárín, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó kéré, kí o tì í jìnnà sí i.

Jíjìnnà yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Íápíìsì Etymotic ER-4, tó jáde lọ́dún 1991, ló fi í han àwa olólùfẹ́ ohùn: rọ́bà onípele mẹ́ta tó ń wọ inú lọ hán-ún, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu SE215 jọ ti Etymotic ní tínrín, nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta péré. Rọ́bà tí wọ́n ń kó tà nínú ọ̀rá lójú pópó kò ṣe é lò fún un. Ó máa bọ́, á sì kù sínú ihò etí nígbà tí o bá fa íápíìsì jáde. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, má ṣe fi igi òwú wá a, inú lọ́hùn-ún ló máa tì í sí. Fi orí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fa etí sẹ́yìn. Bí kò bá yọ jáde, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ló kàn. Ẹnu Chu II fẹ̀ jù ú lọ, rọ́bà àárín ọjà gbà á.

Fóòmù tí wọ́n ń lò dípò rọ́bà ńkọ́? Yí i láàárín ìka méjì títí yóò fi tínrín, tì í bọ etí, kí o fi ìka dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ó ń dí etí ju rọ́bà lásán lọ, ó sì ń rọ ohùn òkè lọ́kàn díẹ̀. Fún íápíìsì tó bá mú létí, oògùn ni. Fún SE215 tí ohùn òkè rẹ̀ ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, ìparun ni.

Ó ku ariwo. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, dB, ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Wọ́n kọ 107 dB fún SE215, 119 dB fún Chu II. Ẹni tó bá kà á báyìí á ní Chu II ló máa pariwo jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n lò: ti Shure jẹ́ fún mílíwáàtì kan (agbára iná), ti Moondrop jẹ́ fún fóólùtì kan (ìtì iná). Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi kóńgò wọn gààrí ẹnìkan, tí wọ́n fi múdù wọn ti ẹnìkejì, tí wọ́n wá ń ka iye. Láti sọ ti Shure di ti fóólùtì, fi ohm rẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó), ìyẹn 17, pín 1000. Ó jẹ́ nǹkan bíi 58.8. Tẹ log lórí kakulétọ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, 17.7 ni. Fi kún 107, ó di 124.7. Nítorí náà lórí fóònù kan náà, láìfọwọ́ kan fọ́líọ̀mù, SE215 ló fi nǹkan bíi 6 dB ga ju Chu II lọ. Etí sì ní àìsàn kan: èyí tó bá ga díẹ̀, òun ló máa ń pè ní èyí tó dùn. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ti tó láti tàn án.

Fọ́líọ̀mù fóònù kò ṣe é fi dọ́gba wọn, ìpele rẹ̀ ń fò jù. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, Equalizer APO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn ṣe, ń gbà kí o kọ "Preamp: -6 dB" nígbà tí SE215 bá wà lẹ́nu rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ di 0 dB fún Chu II. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ ti 1 kHz (1000 Hz) nìkan. Nítorí náà fi ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ lásán parí rẹ̀, máa yí i ní ìdajì dẹ́síbẹ́ẹ̀lì títí tí ìkankan nínú wọn kò fi súnmọ́ ọ ju èkejì lọ. Kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Ọ̀la o ò ní rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló tó yẹ kí orin bẹ̀rẹ̀. Orin wo? Àwọn aláwọ̀ funfun ní àwo tí wọ́n fi ń dán tiwọn wò, kò burú. Ní Ìlọrin níbí, kéwú àti dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ wa, tó gbogbo rẹ̀ í ṣe. Ohùn ẹni tó ń ka Àlùkùránì láìsí ìlù kankan ń tú àṣírí ohùn òkè: gbọ́ àwọn lẹ́tà tó ń dún bíi "sss". Bí wọ́n bá gún etí bí abẹ́rẹ́, íápíìsì náà ní òkè kan láàárín 5 sí 8 kHz. Chu II ń sún mọ́ ọn, kò kọjá ààlà. Lórí SE215, lẹ́tà náà tutù, àmọ́ èémí tí olùkà fà kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ tuntun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí níbẹ̀.

Tí o bá rí òkè ṣóńṣó ní 8 kHz lórí gíráàfù tí wọ́n fi ń wọn ohùn íápíìsì, má bẹ̀rù rẹ̀ jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní ihò tirẹ̀, ihò náà ló ń dún níbẹ̀ nígbà míì. Bí o bá ṣe ti íápíìsì jìnnà sí i ni òkè náà á máa sún lọ sókè nínú etí tìrẹ.

Ní ti ìlù, àwo àtijọ́ bíi ti Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin dadakúàdà, dára fún un ju orin tuntun lọ. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ariwo, ọ̀rọ̀ ni: ohùn òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀, àti bó ṣe ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 100 Hz, ìlù náà kò sì jìnnà sí i. Béèsì SE215 wú, wíwú náà sì gòkè dé àdúgbò yìí. Ìlù náà tóbi, ó gbóná, ó wu ni. Ṣùgbọ́n yíyọ́ yẹn ti di ọ̀kan náà, o gbọ́ pé wọ́n ń lù ú, o ò gbọ́ ohun tó wí. Lórí Chu II, ìlù kéré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé. Ní tèmi, íápíìsì tí kò jẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ariwo ṣííí tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ti kásẹ́ẹ̀tì ni, ẹ má gbé e lé íápíìsì kankan lórí.

Bí béèsì bá ṣàdédé rọ, tí ohùn olórin sì dà bí pé ẹ̀yìn orí ló ti ń wá, má tíì sọ ọ́ nù. Wáyà Chu II ní abẹ́rẹ́ méjì, 0.78 mm, ẹni tó tún un kì bọ̀ ọ́ lè yí apá kan padà: awọ kan ń lọ síwájú, èkejì ń lọ sẹ́yìn, wọ́n sì ń pa ara wọn. Yọ apá kan, yí i padà, ó parí. Ti SE215 jẹ́ MMCX, ojú ìsopọ̀ wáyà róbótó tó ń yí po, kò lè ṣi apá. Yíyí yẹn náà ló máa ń jẹ ẹ́, tí ohùn á fi máa já.

Bí apá kan bá lọ sílẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ asẹ́ ẹnu rẹ̀. Yọ rọ́bà, tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ihò tó bá ń kọ mànà, omi òógùn ló dí i. Fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, má fi ẹnu fẹ́ ẹ, èémí náà omi ni. Fi í sínú agolo kékeré pẹ̀lú àpò hóró tó ń wà nínú páálí bàtà títí di àárọ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku ló ń rọ́pò òógùn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ, kí ẹnu íápíìsì dojú kọ ilẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ sí ìsọ̀ ní ọ̀nà Táíwò kó rọ́bà tirẹ̀ dání. "Àfáà, ẹ ò lè kì í bọ etí láìsanwó," wọ́n á sọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Fi rọ́bà tìrẹ hàn wọ́n, ọkàn wọn á balẹ̀. Ayédèrú SE215 wà lọ́jà, ẹ ṣọ́ra.

Ìpinnu òní: fún kéwú àti dadakúàdà nínú ilé, Chu II. Fún ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán, SE215, nítorí dídí etí: bí ariwo ìta kò bá wọlé, kò ní sídìí láti gbé fọ́líọ̀mù sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní 80 dB, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ni kí àgbàlagbà má kọjá. Bí 3 dB bá ṣe ń gorí rẹ̀ ni wákàtí ń dín sí ìdajì, 89 dB á sì ku wákàtí márùn-ún péré.

Etí òsì, rọ́bà M; etí ọ̀tún, rọ́bà L. Àmì bírò dúdú wà nídìí rọ́bà L, kí wọ́n má baà pààrọ̀.