Ta ni "ó" yẹn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́

Òjò ò jẹ́ ká yọjú síta láti àárọ̀. Màmá ti gbàdúrà tán, wọ́n ti rẹjú díẹ̀, wọ́n wá jókòó ti abọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, wọ́n ń bó o ní kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n wá nǹkan ẹ̀rín sórí tẹlifíṣọ̀n, pé ìròyìn ti sú àwọn. Ibi tí mo ti ń ti ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn ni mo ti kan Are You Being Served?, eré àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. BBC ló ṣe é, láti ọdún 1972 títí di 1985. Èmi ti wò ó àwòtúnwò. Màmá ò rí i rí, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì jìnnà, ni mo bá di ògbufọ̀.

Mr Humphries ló kọ́kọ́ gba ojú wọn. Kì í ṣe òun ni ọ̀gá, ẹ̀ka aṣọ ọkùnrin ló ti ń tajà. Tépù ìwọnṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrìn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n tẹ́ ẹyin sílẹ̀ fún tí kò sì fẹ́ fọ́ ọ̀kan. Bí Captain Peacock tó ń ṣe alábòójútó bá béèrè bóyá ó ráyè dá oníbàárà lóhùn, á gbé ohùn tínínrín sókè, á ní "I'm free!" Àwọn èrò ìwòran á sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ó ní ọwọ́ òun dilẹ̀, mà."

Màmá wò mí. "Ẹ̀rín wo ló wá wà níbẹ̀? Kí ọwọ́ ẹni dilẹ̀ lọ́jà, ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹkún ni?"

Mi ò lè dá wọn lébi. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yẹn lè túmọ̀ sí pé ènìyàn ò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó lè túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó so ó mọ́lẹ̀. Ti ọwọ́ dídilẹ̀ nìkan ni mo bá wọn gbé wálé.

Ibi tó ti wá dojú rú fún mi ni ìgbà tí Mr Humphries bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe: ọ̀rọ̀ àríyá, ọ̀rọ̀ aṣọ tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó bá pàdé. Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí ènìyàn ròyìn ẹnìkejì lọ títí kó má fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, "he" tàbí "she" á ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó bọ́ ní láti máa yà fún un bí ẹni tó ń yà fún ẹrẹ̀, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á sì rí i pé ó ń yà. Ìyàgò yẹn gan-an ni àwàdà náà. Èmi wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá: ó wá, ó lọ, ó sọ pé. "Ó" ni bàbá, "ó" ni ìyá, "ó" ni ewúrẹ́. Kò sí ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà tiwa, kò sí ohun tá a fẹ́ yà fún. Àwàdà bá jó dànù mọ́ mi lọ́wọ́.

Èyí tó tiẹ̀ jọ Màmá lójú ni pé mo pe ẹni tí Mr Humphries pàdé yẹn ní "ó". "Ó kẹ̀? Ọmọdé ni ẹni náà ni?" Àgbà tàbí ọmọdé ni Yorùbá kọ́kọ́ ń bi ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bi mí ní tààrà: "Ta ni 'ó' yẹn? Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Tí mo bá ní ọkùnrin, mo ti sọ ohun tí Jeremy Lloyd àti David Croft tó kọ eré náà kò fi ẹnu ẹnikẹ́ni sọ ní ìpín 69. Tí mo bá ní obìnrin, irọ́ ni mo pa. Mo ní, "Wọn ò sọ, mà."

Croft máa ń ní ẹni tí ìyá rẹ̀ kẹ́ jù lásán ni Mr Humphries, òun àti ìyá rẹ̀ ló sì jọ ń gbé lóòótọ́. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ojo ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, mo ń ro ti ìgbà yẹn mọ́ ọn. Ọdún 1967 ni òfin England àti Wales ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí ọkùnrin méjì tó ti pé ọmọ ọdún 21 lè jọ wà ní kọ̀rọ̀ yàrá láìsí pé wọ́n ń ti wọn mọ́lé. Ọdún 5 péré lẹ́yìn rẹ̀ ni eré yìí jáde. Lloyd sì ti tajà ní Simpsons ní Piccadilly rí, kì í ṣe orí àjà ló ti rí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin lọ dúró níta ibi tí John Inman, tó ṣe Mr Humphries, ti ń ṣeré, wọ́n ní ó ń sọ àwọn di ẹni yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́ wọn yé, àmọ́ tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ìtajà yẹn, fáàrí Captain Peacock àti irun aláràbarà Mrs Slocombe tó ń tajà ní ẹ̀ka aṣọ obìnrin ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín jù. Mr Humphries mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò tijú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rín èrò ìwòran ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, àwọn tó kọ ọ́ á sì na ọwọ́ méjèèjì pé ó mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìforúkọsílẹ̀ ìbágbépọ̀, Inman àti ọkùnrin tí wọ́n ti jọ wà fún ohun tó lé ní ọdún 30 lọ forúkọ sílẹ̀. Ó kú ní 2007. Àwọn kan a máa fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí ohun tí Mr Humphries jẹ́. Èmi ò gbà. Tá a bá mọ ẹni tó wà lábẹ́ eégún, ará ọ̀run náà la ṣì ń pè é.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni fóònù ti dún lórí káńtà wọn. Mr Humphries gbé e, ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ bí ìlù ńlá: "Menswear!" Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, mi ò tíì la ẹnu.

"Ó yé yín, mà?"

"Kí ló le níbẹ̀? Ẹni tó ń pè ò rí i, ohùn ìta ló fi dá a lóhùn. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ilé, ohùn ilé ló ń bá wọn sọ." Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. "Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Òun àti ẹni tó ń bá a gbé, wọn kì í jẹun lọ́tọ̀."

"Ta ni ẹni yẹn, mà?"

"Mo ní ẹni tó ń bá a gbé. Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"