Àkísà tó wọ ọkọ̀ òfurufú

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Láti ìgbà tí a ti dé láti Mòrókò ni ẹ ti ń béèrè pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí, fọ́tò ni mo sì fi ń dá yín lóhùn. Fọ́tò ò lè sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àkísà.

Ara singiléètì funfun kan tó ti gbó ni wọ́n ti gé e. Injíníà ló gé e. Injíníà kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀, àmọ́ bí gbogbo Ògìdì, ìlú wa ní Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti wà ní girama, nítorí kò sí rédíò tó kú ládùúgbò tí wọn ò ní gbé tọ̀ ọ́ lọ. Òun, èmi, àti ọ̀rẹ́ wa kan tí à ń pè ní Ará Lókójá la jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní yunifásítì. Ọmọ Ìjùmú bíi tiwa ni Ará Lókójá, Lókójá ló kàn gbé dàgbà.

Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí ọ̀nà ní Ògìdì. Ó ń ta sóbò tútù àti omi inú ọ̀rá, ó sì ń bá àwọn èèyàn ṣáájì fóònù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń lò. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni bẹntiróòlù ti ń jẹ èrè rẹ̀, débi pé lọ́jọ́ mìíràn, ṣe ló máa ń ní kí àwọn oníbàárà gbé fóònù wọn padà lọ sílé. Òpó iná wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wáyà sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ò lè fi iná yẹn dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a wà nílé fún ìsinmi, a da owó jọ, a ra pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì àti bátìrì méjì ní Kàbà, a sì kan pánẹ́ẹ̀lì náà mọ́ orí páànù ṣọ́ọ̀bù. Ìwádìí kọ́ la fẹ́ ṣe nígbà yẹn. A kàn fẹ́ kí ìyá mi sinmi epo rírà ni. Nígbà tó yá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, bátìrì ò sì kún mọ́. Ìyá mi wò wá títí, ó ní, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ní kì í jẹ epo nìyí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ 100 wáàtì sí lára, yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọn agbára rẹ̀, níbi tí ooru ara rẹ̀ ò ti ju ìwọ̀n 25 lọ. Bí ara rẹ̀ bá ṣe ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ á máa dín kù. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n Injíníà ò dá sí i. Ó gun àkàbà, ó fi ìka kan fa ìlà sára pánẹ́ẹ̀lì, ó sì na ìka náà sí wa láti òkè. Ó dà bíi pé ó ti kì í bọ inú èlùbọ́.

Eruku yẹn kì í ṣe ti Ògìdì nìkan. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ ń wá láti ilẹ̀ kòtò kan ní orílẹ̀-èdè Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ á gbé e, á gba orí ilẹ̀ Hausa kọjá, á wá bà lé páànù ìyá mi lásìkò tí òjò kankan ò ní rọ̀ láti ṣàn án lọ.

Injíníà ló ní ká má fọ méjèèjì. Òun á máa fọ ọ̀kan ní ìdájí, ká fi èkejì sílẹ̀. Bátìrì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mítà kan náà, ìwé olójú-ewé ogójì kan: agogo mẹ́jọ àárọ̀, méjìlá ọ̀sán, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó tó di ọjọ́ keje, bátìrì pánẹ́ẹ̀lì tó ń fọ̀ ti ń kún kí agogo méjì ọ̀sán tó lù. Tèkejì ń wọ́ títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà tí a padà síléèwé, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni Injíníà ń wá sílé, ó sì ti kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń ka mítà kí ọjọ́ kankan má bàa já láàárín. Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ó mú àkísà funfun yẹn, ó fi nu pánẹ́ẹ̀lì tí a ò fọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti etí kan dé èkejì, ó ká a, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì so ó pa. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn la kọ ránṣẹ́ sí àpérò àgbáyé kan lórí agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́ ní Marrakech. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ní àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní san owó ìforúkọsílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ló kù. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dá díẹ̀, ìyá mi kó àjọ rẹ̀, bàbá Injíníà ta kòkó rẹ̀ láìdúró de iye tó ń retí.

Ibi tó ń dùn mí dòní ni mo dé yìí. Lẹ́tà iléèwé tí Injíníà máa fi gba físà, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sínú rẹ̀. A dá a padà pé kí wọ́n tún un kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni lẹ́tà yẹn fi wà lórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún mi pé ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa fọwọ́ sí i, ọjọ́ ti lọ. Físà èmi àti Ará Lókójá jáde, tirẹ̀ ò jáde. Ẹni tó ń gun páànù ní ìdájí nínú ọyẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnnà wa, ó gbé ọ̀rá náà wá. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé eléyìí dé ọ̀hún. Ẹ kàn án mọ́ pátákó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bá wa di ẹrù dé aago mọ́kànlá.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀nà. Láti Èkó, ọkọ̀ òfurufú gbé wa dé Casablanca, a wọ rélùwéè láti ibẹ̀ dé Marrakech. Ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ kan tú báàgì mi, ó gbé ọ̀rá náà sókè wò. Mo fi pánẹ́ẹ̀lì tó wà nínú fọ́tò hàn án, mo wá fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń nu nǹkan. Ó mi orí, ó sì rọra dá a padà sínú báàgì bí ẹni gbé ẹyin.

Nínú gbọ̀ngàn àpérò, èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ìṣirò inú kọ̀ǹpútà ló kún ọ̀pọ̀ pátákó, iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, mo kọ́ nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Aṣọ òfì tí wọ́n hun ní Ògìdì ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tó kan wa. A kan àkísà mọ́ àárín pátákó, a kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n sì ń fọwọ́ kàn án. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ kọjá lọ á dúró, á fi àtàńpàkò ra eruku náà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: omi mélòó, aago mélòó, ta ló ń gùn ún?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti orílẹ̀-èdè Niger. Faransé rẹ̀ ò yé wa, Gẹ̀ẹ́sì wa ò yé e. Ará Lókójá kàn ki Hausa bọ̀ ọ́, ojú ọkùnrin náà sì là. Ó fọwọ́ kan àkísà, ó sọ̀rọ̀ kan, Ará Lókójá yíjú sí mi: "Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni eruku yìí ti ń kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa." Bí àwọn méjèèjì ṣe jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó nìyẹn, tí wọ́n ń fi bíírò ya àwòrán. Ní abúlé tiwọn, omi ṣọ̀wọ́n ju tiwa lọ, gbígbẹ ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá pánẹ́ẹ̀lì wọn, ẹ̀rù sì ń bà á pé iyanrìn á ha dígí rẹ̀.

Ọyẹ́ tún ti bẹ̀rẹ̀ nílé lásìkò yẹn. Láràárọ̀, Injíníà ń fi ohun tí mítà sọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwa sì ń fi bíírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátákó. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn kan ti ń wá wò ó bóyá iye tòní ti wọlé.

Lẹ́yìn àpérò, wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ sí Ouarzazate. Òkè Tizi n'Tichka ni a gbà, ó ga tó mítà 2,260, mo di ìjókòó mú lọ mú bọ̀. Ibùdó oòrùn Noor wà nínú aṣálẹ̀ lódìkejì. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2016, dígí tó wà níbẹ̀ nìkan, irú èyí tí à ń wojú, tó ń kó oòrùn jọ sójú kan, tó ìdajì mílíọ̀nù. Agbára iná gbogbo ibùdó náà lápapọ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 580. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdídò Jẹ́bà lórí Odò Ọya, mẹ́gáwáàtì 578 ni tiẹ̀. Ẹ fojú inú wo gbogbo omi yẹn, kẹ́ ẹ wá wo ibi tí agbára ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn nìkan ti tó bẹ́ẹ̀. Ilé gogoro kan wà láàárín tó ga tó nǹkan bí 250 mítà, dígí 7,400 yí i ká, gbogbo wọn dojú oòrùn kọ orí rẹ̀, ó ń tàn débi pé ojú ò ṣe é gbé sí i. Inú iyọ̀ yíyọ́ ni wọ́n ń pa ooru náà mọ́ sí. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ìbátan èyí tó wà nínú ajílẹ̀ ni. Bí oòrùn bá wọ̀, ooru inú iyọ̀ yẹn lè máa fa iná jáde fún wákàtí méje sí i.

Mo ti ka gbogbo ìyẹn nínú ìwé kí n tó lọ. Èyí tí mi ò kà ni ọkọ̀ tó ń fọ dígí. Ọkọ̀ ńlá ni, ó ní búrọ́ọ̀ṣì gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rọra lọ láàárín ìlà dígí, omi ń fọ́n sí wọn lára. Wọ́n ní àwọn kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìyẹn lọ. Inú aṣálẹ̀ o! Omi níye lórí níbẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ apá kejì àti ìkẹta tutù, kí wọ́n má bàa fi omi ṣòfò, síbẹ̀ wọ́n ń ya omi sọ́tọ̀ fún dígí fífọ̀.

Inú bí mi níbi tí mo dúró sí. Mo rántí àwọn iná sólà ojú títì tí wọ́n rì sílẹ̀ káàkiri ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n kú láàárín ọdún kan sí méjì. Mo rántí kànga sólà kan tí àwọn ọmọdé ń fi òpó rẹ̀ ṣeré. Wọ́n gbé wọn wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n yàn pé ìwọ ni kí o máa fọ̀ ọ́, owó rẹ nìyí. Lọ́dún 1995, nínú gbogbo ilé tó wà ní ìgbèríko Mòrókò, ìdá 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní iná. Lọ́dún 1996 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún ìgbèríko, wọn ò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo wọn. Oòrùn tó ń ràn lé wọn lórí lọ́dún 1995 náà ló ṣì ń ràn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la wọ Ògìdì. Injíníà wà lórí páànù. Mo ti gba káàdì tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ní àpérò, tirẹ̀, tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé kò ní lè wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, kò sí lẹ́tà kan tó ṣì. Ó fi í sínú ìwé olójú-ewé ogójì náà, síbi tó kàwé dé.

Ó wá ní, "Búrọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yẹn, irun rẹ̀ le ni àbí ó rọ̀?"

Mo ní ó rọ̀. Mo fi fídíò hàn án, ó wò ó títí bátìrì fóònù mi fi kú, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ wa, ó fi ṣáájì. Nígbà tó fi máa di alẹ́, Injíníà ti ń gé ọparun gígùn kan, ó ti so fóòmù mọ́ orí rẹ̀, ó ń wọn omi inú abọ́ láti mọ èyí tó kéré jù tó lè fọ pánẹ́ẹ̀lì kan mọ́, nítorí kànga wa kì í ní omi púpọ̀ bó bá di oṣù Kejì. Télọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà ti ra pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Òun àti ìyá mi ti fẹnu kò lórí iye tí wọ́n á máa san fún àbúrò mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti máa fọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀.