Àyẹ̀wò ọdún 2025: Búrẹ́dì ẹni kẹrin

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè pé ṣé mi ò ní kọ tọdún yìí ni, mo ti ń jókòó tì í. Mo fẹ́ to oṣù tẹ̀lé oṣù bí mo ṣe máa ń ṣe: iṣẹ́, ilé, àwọn ọmọ, ìwé tí mo kà tán àtèyí tí mo fi ṣe ìrọ̀rí. Kò ṣeé ṣe. Ibi yòówù tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, Róòmù ni mo ń já sí. Kì í tiẹ̀ ṣe Fátíkàn gan-an o, oúnjẹ ọ̀sán tá a jẹ ní Borgo Pio, òpópónà kan nítòsí ibẹ̀, ni.

Ẹ mọ bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún Júbílì ni 2025 jẹ́ fún àwa Àgùdà. Póòpù Francis ṣí Ilẹ̀kùn Mímọ́, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Fátíkàn tí wọ́n máa ń ṣí fún Júbílì, ní 24 oṣù Kejìlá 2024, ká sì tó jẹ ìrẹsì Kérésì tán, Bàbá ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé òun àti ìyàwó òun á gba ibẹ̀ kọjá. Mo gba tábìlì ẹni mẹ́rin sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Borgo Pio: Bàbá, Màámi, Àǹtí, èmi. Ní Ítálì, owó kọfí máa ń dín kù fẹ́ni tó bá dúró mu ún nídìí káńtà, àmọ́ Bàbá ní òun ò lè ti Ìbàdàn lọ máa jẹun lórí ìdúró bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀.

Oṣù Kẹta, ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ wá, ẹ̀yin lẹ bá wa to àga, ẹ̀yin náà lẹ jẹ mọ́ínmọ́ín tán kó tó kan èmi ọlọ́fọ̀. Ọlọ́run á san án fún yín. Mi ò tíì pa nọ́ńbà Bàbá rẹ́ lórí fóònù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Róòmù.

Nígbà tá a fi máa débẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, Póòpù náà ti lọ, ní 21 oṣù Kẹrin, ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Leo ti gorí àléfà láti 8 oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n ankara Màámi ò mọ ìyẹn: Francis ló wà láyà, Francis ló wà lẹ́yìn. Láàárọ̀, a lọ kí Francis ní Santa Maria Maggiore, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin ín sí. Franciscus nìkan ni wọ́n kọ sára ibojì rẹ̀. Màámi wò ó títí, ó ní, “Orúkọ kan ṣoṣo! Bàbá yín gba ìlà mẹ́jọ.”

Ó di ọ̀sán, a ti gba Ilẹ̀kùn Mímọ́ kọjá, ebi ń pa wá. Mo ti kọ̀wé sí ilé oúnjẹ yẹn ṣáájú pé ẹni mẹ́ta là ń bọ̀, wọ́n sì dáhùn pé kò sí wàhálà. A débẹ̀, ìjókòó mẹ́rin, fọ́ọ̀kì mẹ́rin. Mo ní kí wétà bá wa kó ìkẹrin kúrò. Ó ní mẹ́rin ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn èrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wá àga, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí.

Màámi béèrè omi gbígbóná. Kò sí, àfi ká ra tíì. Kí wọ́n bá wa pín abọ́ kan sí méjì ńkọ́? Rárá. Carbonara, sìpàgẹ́tì tí wọ́n fi ẹyin pò, dé, Màámi ní ẹyin inú rẹ̀ ò jinná, kí wọ́n dá a padà sórí iná. Rárá. Lórí ẹyin, kí n sọ òótọ́, wétà jàre: ooru sìpàgẹ́tì nìkan ló ń sè é, tó bá padà síná, ẹyin díndín ni. Màámi wá béèrè ata. Ó gbé ata dúdú wá, ó yí ọlọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lórí abọ́, ó yí padà. Ni ìyá yín bá ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ ike ata gígún. Wétà sáré padà: wọn kì í mú oúnjẹ òde wọlé.

Bẹ́ẹ̀, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní coperto, tí wọ́n ń gbà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé láyé àtijọ́, arìnrìn-àjò á gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọ ilé èrò, á wá san owó tábìlì. Ata Màámi gan-an lowó náà wà fún! Lazio, ìpínlẹ̀ tí Róòmù wà, sì ti fòfin dè é láti 2006. Owó búrẹ́dì ni wọ́n lè gbà. Bílì wa dé: búrẹ́dì mẹ́rin.

Màámi ní, “Ti Bàbá yín dà?” Àǹtí bá a béèrè. Wétà wo àga yẹn, ó ní ẹni kẹrin ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń ṣọ́ ìjókòó Bàbá látàárọ̀!

“Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí láyé,” Màámi ní, “Róòmù ló ti wá ń jẹ gbèsè búrẹ́dì.” Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí tá ò fi mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́. Àǹtí na tíṣù sí i. Ó ní ata ló ta sóun lójú. Ata tí wọn ò jẹ́ kó ṣí. Mo sanwó.

Mo fi Google kọ lẹ́tà ẹ̀sùn gígùn sí wọn ní èdè Ítálì. Nígbà tí mo kà á sókè, àfi bí ẹni ń ka Mísà. Ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò fi ránṣẹ́.

Àǹtí, o ṣé o. Ìwọ lo gbé ọdún yìí, mo kàn ń bá ọ di báàgì mú ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe Màámi ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ẹ má dẹ́kun, ó máa ń ṣe bí ẹni pé ẹ ń dí òun lọ́wọ́ ni.

2026, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ìlú Fátímà ní Pọtogí ló ń pe Màámi. Ẹni mẹ́ta. Mo ti wádìí tibẹ̀ náà: wọ́n á kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì àti ólífì síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ lè ní kí wọ́n gbé e padà, èyí tẹ́ ẹ bá jẹ lẹ máa sanwó rẹ̀. Màámi ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ti ń wá ike tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.