Ọyẹ́ ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà

Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ohun tí mo ṣe ní Àkúrẹ́ níbí, ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí sí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Oṣù Kejìlá ni. Mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí àwọn tíṣà òkè òkun ṣe ń fi òjò dídì kọ́ ọmọ ní lẹ́tà: wọ́n á da nǹkan funfun sínú abọ́, ọmọ á máa fọwọ́ wá lẹ́tà nínú rẹ̀. Ó wù mí. Mo wá ìyẹ̀fun, mo ra òwú, mo lẹ òwú mọ́ ògiri, mo dárà. Àwọn ọmọ wò ó títí, ọ̀kan ní, "Àǹtí, ṣé láfún ni?" Kí n tó dáhùn, èkejì ti fi ahọ́n kàn án. Lẹ́tà tí mo fi pamọ́ sínú abọ́, kò sẹ́ni tó wá a. Bẹ́ẹ̀ níta, ọyẹ́ ti bo òkè àpáta tí à ń rí láti ojú fèrèsé, ètè gbogbo wọn ti là, èmi ń ròyìn òjò dídì fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ pàápàá kò rí i rí.

Ìyẹn kò tilẹ̀ dùn mí tó ti ọmọ kan tó wà ní kíláàsì náà. Ó lè ka a, b, d láti òkè délẹ̀, lẹ́tà 25, kò ní ṣi ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ a máa mú un kà á fún àlejò. Mo kọ "bata" sójú pátákó, mo ya àwòrán bàtà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní kó kà á. Ó ní, "Bí-a-tí-a." Mo ní kó pa á pọ̀. Ó ní, "Bíatía," ó sì ń wojú mi kí n pàtẹ́wọ́ fún òun. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí. Orúkọ lẹ́tà ni mo kọ́ ọ, n kò kọ́ ọ ní ìró. Bí, dí, fí, gí, gbí: gbogbo kóńsónáǹtì wa la so í mọ́ nídìí tí a bá ń dárúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ í yẹn kò sí nínú bàtà rárá. Látìgbà yẹn, orúkọ lẹ́tà ló ń kẹ́yìn ní kíláàsì mi. Ìró ló ń ṣáájú, ìró náà sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Ohun tí ọwọ́ ọmọ Àkúrẹ́ lè kàn láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ ló ń kó o wá.

Dígí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, irú kékeré tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba. Mo ní kí ọmọ mú un sún mọ́ ẹnu, kó mí hhh sí i. Ojú dígí á funfun, kí o sì tó ka mẹ́ta ó ti mọ́ padà, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í jẹ́ kí omi pẹ́ lára nǹkan. H nìyẹn. Kò sí í nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé dígí sábẹ́ imú. Mo ní kó pa ẹnu dé, kó máa ní mmm. Imú ló ń mí, dígí á funfun. Mo ní kó pe b: ètè pa dé bákan náà, ṣùgbọ́n imú kò mí, dígí kò yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́rin rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé m àti b kì í ṣe ọ̀kan náà, ohun tí mo ti ń fẹnu sọ láti oṣù Kẹsàn-án. Àkókò ọ̀fìnkìn sì ni. Ọ̀kan nínú wọn tí imú rẹ̀ dí pátápátá pe màmá, ohun tó jáde ni bàbá. Gbogbo kíláàsì wó lulẹ̀. Màmá di bàbá lójú ẹsẹ̀! Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ọ̀fìnkìn bá mú fẹ́ ká fi òun ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ fi àwọn ìró tí a lè fà gùn bẹ̀rẹ̀: m, s, ṣ, f, l, n. Ọmọ á lè dúró lórí mmm kó tó wọnú a. B, t, k, gb, wọn kò ṣeé fà. Bí ẹ bá ní kí ọmọ fà wọ́n, ó máa so nǹkan mọ́ ọn nídìí, ẹ óò sì padà sí bíatía. Ìkìlọ̀ kan wà ṣá. Tí ẹ bá ti kọ́ wọn ní m àti i, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fúnra wọn tò ni imí. Tiwa ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, n kò rí kíláàsì yẹn darí mọ́ títí di àkókò oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì mo gbé dígí jáde, mo ní ẹ wò ó, ìmí ni èyí, ìmí tí à ń mí, kì í ṣe èyí tí ẹ ń rò. Bí a ṣe wọnú àmì ohùn nìyẹn láìròtẹ́lẹ̀. Ìwé tí mo ní gbé àmì ohùn sí iwájú jìnnàjìnnà, ṣùgbọ́n ta ni ó máa dúró de ìwé nígbà tí ẹ̀rín ti ṣílẹ̀kùn?

Òwú òjò dídì tí mo ti nà mọ́ ògiri wá rí iṣẹ́ ṣe. Mo já díẹ̀ níbẹ̀, mo fi òwú ìránṣọ kan so ó rọ̀ síwájú ẹnu ọmọ. Mo ní kó pe "pen" bí wọ́n ṣe ń pè é ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Òwú náà fò. Mo ní kó wá pe "pápá". Òwú náà dúró gbọn-in. P tiwa yàtọ̀: ètè pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n náà dí ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, a wá tú méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Ìbejì gb ni. Bí a ṣe ń ṣe gb nìyẹn, gb kàn ní ohùn nínú ni. Ọmọ tó bá ń fẹ́ òwú pẹ̀lú "pápá", p Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè, kò sì yẹ ká bá a wí, òwú ni kó bá a wí. Fún gb, mo ní kòkó tútù kan tí a kò tíì fọ́. Ìgbà ìkórè ni, kò wọ́n ní Oǹdó. A jẹ́ kó já sílẹ̀, gbì! Ẹni tó jù ú ló máa pe ìró rẹ̀.

Hóró kòkó gbígbẹ wúlò ju kòkó tútù náà lọ. A fi okùn ṣe o, a fi okùn ṣe y àti e, a tò wọ́n sílẹ̀: oye. Ọmọ á mú hóró kan sábẹ́ o, á mú ọ̀kan sábẹ́ e, ó di ọyẹ. Hóró méjì péré. Àwọn ọmọ á máa gbé e sí, á máa gbé e kúrò: oyè, ọyẹ́, oyè, ọyẹ́. Mo ní oyè ni ti Déjì, ọba Àkúrẹ́, ọyẹ́ ni ti gbogbo wa. Kí ẹ ka hóró kí ẹ tó pín in o, kí ẹ sì kà á nígbà tí ẹ bá ń gbà á padà. Mo ti rí èyí tó wà nínú imú.

S àti ṣ le fún wa, ní pàtàkì fún ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìbàdàn. Ewé gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Mo ní kí wọ́n máa wọ́ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ṣṣṣ, kí wọ́n dúró, kí wọ́n wá pe s bí ejò. Kò yanjú lọ́jọ́ kan. Ó gbà wá títí di ọdún tuntun, n kò sì fi ṣe wàhálà.

Ti eruku ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí owó ló kọ́ mi. Eruku ọyẹ́ dára fún kíkọ lẹ́tà, ó bo lúfà ojú fèrèsé, ó bo tábìlì, ìka kan tó. Lọ́jọ́ kan mo rí mọ́tò dúdú kan tí wọ́n páàkì sínú ọgbà, eruku ti bò ó títí. Mo kó ọmọ mẹ́jọ lọ síbẹ̀. Wọ́n ń kọ, wọ́n ń pe ìró, inú mi dùn. Eruku tó ti ìhà Sàhárà rìn wá bá wa, yanrìn ló wà nínú rẹ̀, n kò rò ó débẹ̀. Ọmọ kan tẹ ìka mọ́ s tirẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Nígbà tí wọ́n fọ mọ́tò náà, s dúró síbẹ̀. Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, mo sì san nínú owó ọ̀dà náà. Lọ́sẹ̀ kan náà, ọmọ kan tó ní ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ nídìí lúfà tí à ń kọ nǹkan sí, àyà mi já. Eruku kì í wọ inú kíláàsì mi mọ́. Ìta nìkan la ti ń lò ó, ọmọ tó bá ní ikọ́ fée a máa bá mi mú dígí. Èyí tó bá sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kó wọ súwẹ́tà rẹ̀ kó tó jáde, òtútù kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Síléètì tó dára jù tí mo rí, ara ọmọ ni. Àwa náà ṣe é ní kékeré: tí a bá wẹ̀ lówùúrọ̀ ọyẹ́ tí a kò para, ojúgun á funfun bí ẹni da efun sí i. Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi èékánná ya ènìyàn sí ojúgun lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo pariwo mọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì ọgbọ́n dé. Mo gbé ife omi kalẹ̀, mo ní kí kálukú ti ìka bọ omi, kó kọ lẹ́tà sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Níbi tí omi bá gbà, ara á dúdú padà, lẹ́tà á yọ kedere, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ gbẹ. Kí ó tó gbẹ, kó ti pe ìró rẹ̀. Ẹ kò lè mọ bí ọmọ ṣe ń sáré! Nígbà tí a bá ṣe tán, ọpọ́n òrí á yí ká, a óò fi para, ojúgun á máa dán. Ẹnì kan máa bi yín pé ṣé òrí yìí àti orí yìí ọ̀kan náà ni. Ẹ jẹ́ kó bi yín.

Láti so ìró pọ̀, n kò lo nǹkan kan. Ọmọ kan ni b, ọmọ kan ni a, wọ́n dúró jìnnà síra wọn. Mo ní, "Òtútù ń mú b o!" b á sáré lọ dì mọ́ a, àwọn tó kù á pariwo "ba!" Ẹni tó ka bíatía ló kọ́kọ́ ní kí òun jẹ́ t.

Lẹ́tà u dójú tì mí díẹ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò kò sí ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Ulé." Mo ní rárá, ilé ni. Ó ní ìyá àgbà òun ní ulé ni. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, òdodo ló sọ. Mo kọ "ulé" sójú pátákó, mo ní ti ilé wa nìyí, "ilé" ni ti inú ìwé.

Bàbá kan wá bi mí pé kí ló dé tí mo ń fi gbì àti ṣṣṣ kọ́ ọmọ òun nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Mo ròyìn iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fún un: ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìjọba ńkọ́? Òtítọ́ ni, ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n ti fagi lé e ní oṣù Kọkànlá 2025. Mo ní ìlànà ni wọ́n fagi lé, wọn kò fagi lé etí ọmọ. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó ra dígí wá.

Nígbà tí oṣù Kìn-ín-ní ń parí lọ, ìyá àgbà kan wọlé wá bá mi láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Kò jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó ká ìró rẹ̀ sókè. Lẹ́tà fífín funfun mẹ́ta wà lójúgun rẹ̀: b, a, b, a sì tún wà nísàlẹ̀ níbi tí àyè kò tó mọ́. Ó ní, "Tíṣà, láti àná ni ọmọ yìí ti ní n kò gbọdọ̀ para. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máàkì í, kí n lè fi òrí sí i."